Bí Wọ́n Ṣe Pín Síkì fún Ọkùnrin Gíga

Bàbá, ọkùnrin kan wà tó ga ju gbogbo ará ilé rẹ̀ lọ. Òkè òkun ló ń gbé, ní ẹsẹ̀ òkè ńlá kan tí yìnyín máa ń bò ní gbogbo ìgbà òtútù. Yìnyín ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó ń ta lu páànù wa bí òjò bá ń rọ̀. Ó rọ̀, ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ó sì lè ga dé orúnkún. Àwọn ará ibẹ̀ ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń yọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n á so pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ bàtà, ọ̀kan ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa yọ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Síkì ni wọ́n ń pe pátákó náà.

Iṣẹ́ ọkùnrin yìí kò sí lórí òkè. Inú yàrá òtútù ilé-iṣẹ́ ẹran ló wà. Oògùn tó ń mú ẹ̀rọ ibẹ̀ tutù ń jò, èéfín rẹ̀ sì ń wọ àwọn òṣìṣẹ́ nímú. Àwọn òṣìṣẹ́ ti sọ ọ́. Àwọn ọ̀gá ní àwọn ń wò ó, wọ́n sì ń wò ó títí. Àyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọkùnrin náà. Bí ó bá wúkọ́ láàárọ̀, á kọ́kọ́ yẹ ojú ibi tó tutọ́ sí wò kí ó tó da omi sí i, nítorí ó ti rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ rí. Dókítà sọ fún un láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú pé kí ó kúrò níbẹ̀ kí ìgbà òtútù mìíràn tó dé. Ó ní bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò ní bọ̀ sípò mọ́.

Kúrò lọ síbo? Iṣẹ́ ò sí nílùú náà fún ẹni tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ti ilé wá. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló rí. Pápá eré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè yẹn. Wọ́n mọ òkìtì yìnyín síbẹ̀, wọ́n sì gbé irin gbọọrọ kalẹ̀, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe lè máa fò láti orí òkìtì, kí wọ́n máa yọ̀ lórí irin, kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn yọ̀ wálẹ̀ bí ẹni pé ojú wà ní ìpàkọ́ wọn. Ọkùnrin gíga yìí mọ̀ ọ́n ṣe. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ibẹ̀ ló ń lò ó sí, nítorí ibẹ̀ nìkan ni èémí ti ń wọlé sí i lára dáadáa. Ọ̀gá pápá náà, obìnrin ará ibẹ̀ kan, ti ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọjọ́ kan ó pè é.

Ó ní, "Mo ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wá ṣe ìdánwò lọ́jọ́ tí a ó ti pápá. Bí o bá fò tí o balẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ ti di tìrẹ."

Ọkùnrin náà sáré lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò yọ̀ bí ó ṣe rò.

"Bàbá Àríkẹ́, bí o kò bá wá balẹ̀ dáadáa ńkọ́?"

"Mo máa ń balẹ̀ dáadáa."

"Mi ò sọ pé o kì í balẹ̀ dáadáa. Mo ní bí o kò bá balẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ òun fúnra rẹ̀ lọ́kàn.

Kí n tó máa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí síkì ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ yìí wà. Síkì kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí wọ́n fi ń sáré gùn, ó sì gan. Kì í tẹ̀. Ọ̀nà tààrà ló mọ̀, bí ọkọ̀ ojú irin. Èyí tí wọ́n fi ń ṣeré rọ̀ ní orí, ó rọ̀ ní ìdí, orí àti ìdí rẹ̀ sì ká sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi àwọn Ìlàjẹ, kí ẹni tó gùn ún lè lọ síwájú, kí ó sì lè lọ sẹ́yìn. Bí o bá fẹ̀yìn tì, á tẹ̀ lábẹ́ rẹ. Bí o bá dìde, á ta ọ́ sókè bí ọrun ṣe ń ta ọfà. Ṣùgbọ́n ẹni gíga tó fẹ́ ṣeré ní ìṣòro tirẹ̀. Ara rẹ̀ pọ̀ lókè. Bí ó bá ń bọ̀ láti ojú òfuurufú, gbogbo gíga yẹn ló fẹ́ dojú dé. Ó nílò síkì tó gùn, kí nǹkan lè wà níwájú rẹ̀ tí yóò gbà á dúró, síbẹ̀ kí ó rọ̀, kí ó lè gbọ́ràn sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu. Gígùn àti rírọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú rẹ̀ kò pọ̀. Èyí tó gùn sábà máa ń le, èyí tó rọ̀ sábà máa ń kúrú, torí àwọn tó ń ṣe é rò pé ọmọdé nìkan ló ń ṣeré.

Ọkùnrin yìí ti ní irú rẹ̀ kan, àlòkù. Nígbà tí ìdánwò ku díẹ̀, síkì náà là sí méjì lórí irin. Ó gbé àfọ́kù náà wá sílé, ó sì jókòó tì í. Agbára rẹ̀ kò ká òmíràn.

Àkókò yẹn gan-an ni ilé ìtura kan ní ẹsẹ̀ òkè náà fẹ́ kógbá sílé. Wọ́n kó gbogbo síkì tí wọ́n ń yá àlejò lò, wọ́n fi ta ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá ìlú náà lọ́rẹ. Alága ẹgbẹ́ jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nílé. Tíṣà Àgbà ni gbogbo wọn ń pè é. Èèyàn dáadáa ni. Kì í jalè, kì í ṣe ojúsàájú, kò sì sí ẹni tó dé ìlú náà tí kò kọ́kọ́ sùn ní pálọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, Bàbá, kí ẹ má baà rò pé ìtàn olè ni mo ń sọ.

Ọkùnrin gíga náà wà lára àwọn tó já ẹrù náà sílẹ̀. Ó ń gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan wọnú ilé ẹgbẹ́, títí ọwọ́ rẹ̀ fi ba méjì kan. Ó gùn dé iwájú orí rẹ̀. Ẹnìkan ti ya ẹyẹ aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ pupa sí i lára. Orí rẹ̀ ká sókè, ìdí rẹ̀ ká sókè. Ó fi orúnkún tì í láàárín, ó sì fà á mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Ó tẹ̀. Ó tú u sílẹ̀, ó sì padà bọ̀ sípò wọ̀ọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó rí nǹkan he lójú ọ̀nà tí ń bẹ̀rù pé olówó rẹ̀ ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e ti ògiri pẹ̀lú àwọn yòókù, nítorí kì í ṣe olè. Ó ní, "Bí wọ́n bá ń pín in, màá sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ pípín pé. Tíṣà Àgbà dúró níwájú, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ tò! Kúkúrú síwájú, gíga sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ọmọlúàbí."

Bàbá, ẹ̀yin náà tò bẹ́ẹ̀ rí. Àwa náà tò bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọmọ tó lọ ilé-ìwé nílẹ̀ wa ló mọ ẹni tí yóò wà níwájú òun lórí ìlà ìpàdé òwúrọ̀. Àwọn àgbàlagbà ẹgbẹ́ náà bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n ń tò.

Ìyá kan ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ò ní wo èékánná wa?"

"Tìrẹ ni màá kọ́kọ́ wò, ìwọ aláriwo. Akínwándé! Kí lò ń ṣe láàárín? Bọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀yìn pátápátá."

Ẹnìkan pariwo pé, "Agùntáṣọọ́lò, má fi orí gbá iná yẹn o!"

Akínwándé ni ọkùnrin gíga náà. Ó bọ́ sẹ́yìn. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Láti ibi tó wà, ó rí i pé Tíṣà Àgbà ti to àwọn síkì náà bákan náà, láti orí èyí tó kúrú jù dé orí èyí tó gùn jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú bá ìlà èèyàn àti ìlà síkì dọ́gba. Ó fi ojú tò ó lọ, ó sì rí i pé ẹyẹ yẹn kò ní kàn án. Èyí tí yóò kàn án ni èyí tó gbẹ̀yìn, dúdú, gan bí igi àjà, síkì àwọn tó ń bá atẹ́gùn sáré. Ẹlẹ́yẹ kàn wà ṣáájú rẹ̀ díẹ̀ ni, ní ipò akápò ẹgbẹ́.

Akápò kì í gun síkì. Bí yìnyín bá bọ́ sí i lọ́rùn, ó máa ń ṣépè.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan," ni Akínwándé ké láti ẹ̀yìn.

"Ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. À ń pín nǹkan."

"Kí ẹ tó pín in ni, sà. Èyí ẹlẹ́yẹ yẹn..."

"Akínwándé." Tíṣà Àgbà yọ awò ojú. "Ta ló ga jù níbí?"

"Èmi ni, sà."

"Èwo ló gùn jù níbí?"

Gbogbo ilé dáhùn fún un. Tíṣà Àgbà ní, "Ó parí. Ẹ̀tọ́ rẹ ni mo gbé fún ọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbà á lọ́wọ́ rẹ." Ó mú ọ̀dà, ó sì kọ orúkọ oníkálukú sí ara tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sí àga nílé-ìwé. Ó kìlọ̀ pé òun kò fẹ́ gbọ́ pàṣípààrọ̀. Ó ní ibi tí pàṣípààrọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Akápò gbé ẹlẹ́yẹ rẹ̀ sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò, inú rẹ̀ sì dùn. "Ògiri pálọ̀ mi ni èyí máa dára sí," ló wí.

Ọkùnrin gíga náà tẹ̀ lé e jáde.

"Akápò, ẹ dákun, ẹ yá mi fún ọjọ́ kan péré. Ọjọ́ ìdánwò mi."

Akápò wo ẹ̀yìn. "Àbúrò, tí ó bá ṣe tèmi ni, gbé e lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n ṣé o ò rí orúkọ mi lára rẹ̀ ni? Bí Tíṣà bá rí i lẹ́sẹ̀ rẹ, kí ni màá wí?"

"Ẹ ní mo yá a ni."

"Pálọ̀ rẹ̀ ni mo sùn fún oṣù bí mélòó nígbà tí mo dé. O ò mọ bí ojú ṣe máa tì mí tó. Má fi mí sí i."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ lọ sí ara ògiri.

Ọkùnrin gíga náà gbé síkì dúdú rẹ̀ lọ sí pápá. Ó gbìyànjú ohun gbogbo tó mọ̀. Ó fẹ̀yìn tì, síkì náà kò tẹ̀. Ó fẹ́ yí padà lójú òfuurufú, ó wúwo lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n de igi mọ́. Ó fẹ́ fi ẹ̀yìn yọ̀, ìdí síkì náà tó tẹ́ pẹlẹbẹ gún yìnyín, ó sì gbé e ṣubú lulẹ̀. Ó dìde. Ó tún ṣubú. Ní ìgbà tí ó dìde kẹ́yìn, ó fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀, ó dúró pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Kò tíì sí ohun tó já. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ báyìí pé nǹkan lè já. Ohun tó ń fi ṣeré tẹ́lẹ̀ láì ronú, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí i, ẹni tó bá sì ń ronú lójú òfuurufú ti pẹ́ jù.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ bá Tíṣà Àgbà ní ìpàdé ẹgbẹ́. Ìyàwó kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé. Ó ní èyí tí wọ́n fún òun dára, àmọ́ ó le. Ó ní èyí tó rọ̀ lòun ń fẹ́, èyí tí wọ́n fi ń ṣeré.

Wọ́n ní orí Tíṣà Àgbà gbóná lọ́jọ́ náà. Ó ti ṣe ohun tó tọ́ lójú gbogbo ayé, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń ráhùn.

"Èyí tó rọ̀ lo fẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èyí tó ń tẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ti eré."

"Ti eré ni, sà, ṣùgbọ́n kí ó gùn tó..."

"Mo ti gbọ́." Ó wọnú yàrá lọ. Àwọn síkì ọmọdé kan ti ṣẹ́kù, èyí tí kò rí olówó nítorí àwọn ọmọ kò pọ̀ nínú ẹgbẹ́. Ó gbé méjì jáde. Kò dé àgbọ̀n ọkùnrin náà. Ó fi ìka kan tẹ orí rẹ̀, ó sì wo àwọn èèyàn. "Ó rọ̀ àbí kò rọ̀?"

Wọ́n ní, "Ó rọ̀!"

"Ó ń tẹ̀ àbí kò tẹ̀?"

"Ó ń tẹ̀!"

"Akínwándé, eré rẹ rè é."

Ẹ̀rín gba ilé. Ìyá aláriwo yẹn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a wá ṣokoto péńpé mọ́ ọn." Ọkùnrin gíga náà la ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ òun kò tíì tán nígbà tí wọ́n gbé ìdajì rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ fà á láṣọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní, "Ṣé o ò ní dúpẹ́ ni?"

Ó dúpẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ yẹn dùn yín díẹ̀, Bàbá, kí n tó máa lọ. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí kì í ṣe ìṣubú tó ń bọ̀ níwájú. Ọpẹ́ yẹn ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, kò lè jẹun. Ó wúkọ́, ó wò ó, ó rí ẹ̀jẹ̀, ó da omi sí i kí ìyàwó rẹ̀ tó wọlé. Ó gbé síkì ọmọdé náà sí apá. Bí ó ṣe ń lọ lójú ọ̀nà, àwọn tó ń bọ̀ rò pé ti ọmọ rẹ̀ ni.

Ọ̀gá pápá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé èyí lo máa lò?"

"Èyí ni mo ní."

"Ta ló yàn án fún ọ?"

Ó ronú sí ìbéèrè náà. Bí ó bá ní àwọn èèyàn òun ni, ó ti tú àṣírí ilé. Bí ó bá ní òun ni, obìnrin náà á rò pé kò mọ nǹkankan. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀." Obìnrin náà nawọ́ sókè kí wọ́n fún un láyè. Lójú obìnrin náà, àgbàlagbà ni ọkùnrin yìí, ó sì ti sọ tẹnu rẹ̀.

Lórí irin, ó ṣe é. Ó fi ẹ̀yìn yọ̀, ó sì ṣe é. Síkì kékeré náà yára lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àwọn tó ń wò ó tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Fún ìṣẹ́jú kan ó gbàgbé ẹ̀rù. Òkìtì ńlá ló kù. Ó tẹjú mọ́ ọn láti òkè. Ìyàwó rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó fi ìborùn bo ẹnu. Ọkùnrin náà tú ara rẹ̀ sílẹ̀, ó yọ̀ wálẹ̀, ó gun òkìtì náà, ó sì fò.

Wọ́n ní ó fò dáadáa. Wọ́n ní ó yí lójú òfuurufú bí ẹni tí kò ní egungun. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń balẹ̀, gbogbo gíga rẹ̀ tẹ̀ síwájú, kò sì sí nǹkankan níwájú tí yóò gbà á. Orí síkì ọmọdé náà ká mọ́lẹ̀ bíi páálí tí omi ti mu. Ó dojú dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò bá a lọ síbi tí ara rẹ̀ ń lọ. Àwọn tó wà nítòsí gbọ́ ìró orúnkún rẹ̀. Iṣan ibẹ̀ já pátápátá.

Ẹlòmíràn gba iṣẹ́ náà kí wọ́n tó tú ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sibítù.

Nínú ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló gba ẹnu wọn. "Ohun tó bẹ̀bẹ̀ fún la fún un." Wọ́n sọ ọ́ lórí fóònù, wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi ń kìlọ̀ fún ara wọn pé kí ẹni tí wọ́n bá fún ní nǹkan máa gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tó já di ẹ̀rí pé ẹni tó pín nǹkan jàre.

Tíṣà Àgbà lọ kí i. Ó gbé ọbẹ̀ lọ nínú fúláàsì, ó jókòó tì í, ó bá a gbàdúrà. Ọ̀rọ̀ náà sì ń jà nínú rẹ̀, nítorí mo ti sọ fún yín pé èèyàn dáadáa ni.

Ó ní, "Akínwándé, mo fi ìdúró rẹ pín in fún ọ, o ní kò tẹ́ ọ lọ́rùn. Mo fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ pín in fún ọ, o fi ṣèṣe. Sọ fún mi, kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

Ọkùnrin gíga náà ń wo àjà. "Ẹ wọ̀n mí, sà. Ẹ fún mi. Ẹ tún fún mi. Ẹ ò bi mí."

"Mi ò bi ọ́ ní kí ni?"

"Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe."

Tíṣà Àgbà ṣe bí ẹni tó fẹ́ bi í báyìí, àmọ́ òun náà rí i pé kò sí ibi tí ìbéèrè yẹn lè gbé ọkùnrin náà dé mọ́. Ó gbé fíláà rẹ̀, ó jáde. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Bàbá, ẹ ti ń mi orí. Ẹ ń ṣàánú ọkùnrin gíga, ẹ sì ń dá Tíṣà Àgbà lẹ́bi. Ẹ dúró ná.

Ẹ̀yin ni alága ìgbìmọ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ ní kí ó pín kẹ̀kẹ́ fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn. Ọjọ́bọ̀ ni pípín. Mo ti dé ọgbà tí ẹ kó wọn sí, mo ti rí wọn nínú ọ̀rá wọn. Wọ́n ní ẹ ti ṣe ìpinnu pé àgbàlagbà yóò gba ńlá, ọmọdé yóò gba kékeré, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìyàn jà. Wọ́n ní ẹ ti pe àwọn ayàwòrán. N kò sọ pé ẹ jí nǹkan. Bí ẹ bá jí i, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn, ọlọ́pàá ni mo máa lọ bá. Ọwọ́ yín mọ́, ìyẹn ló sì ń dẹ́rù bà mí, torí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í gbà pé òun ṣẹ àní nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn níwájú rẹ̀.

Ahunní kan wà ní àdúgbò wa, obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ láti kékeré. Ilẹ̀ ló ń jókòó sí hun ẹní. Ó ti fi ọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ dé ọ́fíìsì yín, ó bá akọ̀wé yín sọ̀rọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ náà. Akọ̀wé yín ní, "Ẹ̀yin wọ̀nyí ẹ kì í dúpẹ́." Bí ó bá tún yọjú, mo mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n á gbé nǹkan kan tó fara jọ ohun tó wí fún un, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, bí ó bá sì ṣubú, wọ́n á ní òun ló bèèrè.

Mo mọ ohun tó fẹ́. Ó ti sọ ọ́ fún mi. N kò ní sọ ọ́ fún yín. Bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó tún ti gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ẹ ó gbé ìdajì rẹ̀, ẹ ó sì rò pé ẹ ti gbọ́.

Ó wà níta báyìí, lábẹ́ igi máńgòrò tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí. Láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀, kò sì wá dúpẹ́. Ẹ má ránṣẹ́ pè é wọlé, àtẹ̀gùn yín pọ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ jáde, Bàbá. Ẹ ká agbádá yín, ẹ lóṣòó tì í títí ojú yín yóò fi bá tirẹ̀ dọ́gba, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́ títí yóò fi sọ ọ́ tán.